ÀPÓTÍ WO NI Ó YẸ ÌWÉ ÀTI ÀWÒRÁN ÀWỌN BABA WA?

Ẹ̀kọ́ fún ilé, fún ìjọ àti fún ilé-ẹ̀kọ́

Ẹ̀kọ́ tí a mú wá fún yín lóṣù yìí kì í ṣe ti bí a ti ń ka ìwé, bí kò ṣe ti bí a ti ń pa á mọ́, kí àwọn tí a kò tí ì bí lè rí i kà. A bẹ̀ yín kí ẹ fi sùúrù bá wa dé òpin rẹ̀, nítorí ohun tí a fi ojú ara wa rí ni ó mú wa kọ ọ́.

Ní àìpẹ́ yìí a wà nínú yàrá ìwé ìjọ kan nígbà tí ọkùnrin kan wá béèrè ìwé ìsàmì tí orúkọ ìyá-ìyá rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ ìyá náà kò fohùn ṣọ̀kan lórí orúkọ baba tí ó bí i, ọ̀rọ̀ náà sì ti di ọ̀rọ̀ ilé àti ilẹ̀. Gbogbo wọn ti gbà pé ohunkóhun tí àlùfáà àtijọ́ bá kọ sínú ìwé náà ni àwọn yóò tẹ̀lé, kí ìjà lè tán.

A gbé àpótí irin kan jáde. Àpótí náà nípọn, àgádágodo rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́, ikán kò wọ̀ ọ́, eku kò sì dé ibẹ̀. Nínú rẹ̀, ẹnì kan tí ó ti ṣe akọ̀wé ìjọ rí ti fi ọ̀rá wé ìwé ìsàmì náà lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì fi okùn dì í. Ìfẹ́ ni ó fi ṣe é. Ṣùgbọ́n bí a ti tú ọ̀rá náà, òórùn ohun tí ó ti bu gba gbogbo yàrá. Àwọn ojú-ewé ti lẹ̀ mọ́ ara wọn bí ewé ẹ̀kọ tí ó gbẹ, nǹkan funfun àti nǹkan dúdú ti hù lára wọn, tàdáwà sì ti ṣàn. Àwọn ọdún ìṣáájú ṣeé kà díẹ̀, àwọn ọdún ìkẹyìn ṣeé kà pẹ̀lú; ṣùgbọ́n ojú-ewé tí a ń wá já sí wẹ́wẹ́ lọ́wọ́ wa. Ọkùnrin náà dákẹ́ pẹ́, lẹ́yìn náà ó béèrè pé, "Ṣé kò sí ẹ̀dà rẹ̀ níbòmíràn ni?" Kò sí.

Kì í ṣe àìbìkítà ni ó ba ìwé náà jẹ́. Ohun tí a fi dáàbò bò ó gan-an ni ó pa á, nítorí pé ọ̀rá náà sé omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ ọn lára fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn àgbà wa ní, bí ikú ilé kò bá pani, ti òde kò lè pani. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó rí fún ìwé. Ọ̀pọ̀ nínú wa ń wá àpótí tí olè kò lè fọ́, a kò sì bèèrè bóyá àpótí náà tìkára rẹ̀ kì í ṣe ọ̀tá ohun tí ó wà nínú rẹ̀.

1. Ìkòkò Jeremáyà

Ìwé Jeremáyà orí 32 sọ bí wòlíì náà ti ra oko kan ní Ánátótì lọ́wọ́ ọmọ arákùnrin baba rẹ̀, tí ó sì wọn ṣékélì fàdákà 17 fún un. Ogun ti ká Jerúsálẹ́mù mọ́ nígbà náà, síbẹ̀ wòlíì náà ro ti ìwé ilẹ̀. Ìwé náà jẹ́ méjì: ọ̀kan tí a fi èdìdì dì, ọ̀kan tí a ṣí sílẹ̀. Ó sì pàṣẹ fún Bárúkù kí ó kó méjèèjì sínú ìkòkò amọ̀, kí wọ́n lè pẹ́.

Ìmọ̀ràn rere ni, ọjọ́ wa sì ti jẹ́rìí sí i. Láti ọdún 1947 ni a ti bẹ̀rẹ̀ sí í rí àwọn ìwé kíká àtijọ́ nínú ihò àpáta ní Qumran, létí Òkun Iyọ̀. Inú ìkòkò amọ̀ ni a ti bá díẹ̀ nínú wọn, lẹ́yìn nǹkan bí 2,000 ọdún. Ṣùgbọ́n ẹ kíyèsí i pé kì í ṣe ìkòkò nìkan ni ó ṣe iṣẹ́ náà. Ilẹ̀ ibẹ̀ gbẹ púpọ̀, òjò sì ṣọ̀wọ́n níbẹ̀. Bí a bá gbé irú ìkòkò bẹ́ẹ̀ wá sí Èkó tàbí sí Oǹdó, tí a kó ìwé sínú rẹ̀ ní àkókò òjò, tí a sì dí ẹnu rẹ̀ pa, ohun tí ó bá ìwé ìsàmì tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ lókè ni yóò bá òun náà.

Nítorí náà, ìbéèrè mẹ́ta ni kí a bi ara wa kí a tó yan àpótí. Èkíní, kí ni a fi ṣe é? Èkejì, ǹjẹ́ ó bá ohun tí a fẹ́ fi sínú rẹ̀ mu? Ẹ̀kẹta, níbo ni yóò dúró?

2. Àwọn ọ̀tá mẹ́rin

Kí a tó dáhùn, ó tọ́ kí a mọ ohun tí a ń bá jà. Ọ̀tá kìíní ni ọ̀rinrin. Bí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ bá kọjá ìwọ̀n 65 nínú 100, tí ó sì pẹ́ bẹ́ẹ̀, ìwé lè bẹ̀rẹ̀ sí í bu. Ní ìhà etí òkun wa ó sì máa ń kọjá 80 nínú 100 ní àkókò òjò. Ọ̀tá kejì ni kòkòrò àti eku. Ikán àti aáyán kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni nínú wa. Ọ̀tá kẹta ni ìmọ́lẹ̀ oòrùn, tí ń ṣá tàdáwà àti àwòrán.

Ọ̀tá kẹrin ni ọ̀pọ̀ kò mọ̀. Oje kíkan kan ń bẹ tí àwọn olóye ń pè ní ásíìdì, ó sì wà nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ bébà àti páálí. Nínú bébà olówó pọ́ọ́kú tí a fi igi lílọ̀ ṣe, ohun mìíràn tún wà láti inú igi náà, tí à ń pè ní lignin, tí ń sọ bébà di ìyeyè. Ẹ mú ìwé ìròyìn ọdún pípẹ́ kan, ẹ ó rí i bí ó ti pọ́n, tí ó sì ń ṣẹ́ bí ewé gbígbẹ. Bí a bá fi irú bébà bẹ́ẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ káàdì ìsàmì funfun fún ọdún púpọ̀, yóò fi àbàwọ́n pupa sí káàdì náà lára. Kíkan a máa ràn láti ara ohun kan sí òmíràn. Bí páálí àpótí bá kan, díẹ̀díẹ̀ ni ìwé inú rẹ̀ yóò kan pẹ̀lú.

3. Kí ni a fi ṣe àpótí náà?

Àpótí pákó. Igi ìrókò le, ikán kì í sì í tètè jẹ ẹ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn baba wa fi fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n igi a máa mí èémí kíkan sínú àpótí, pàápàá bí a bá sé e. Pákó pẹlẹbẹ tí a fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ pọ̀ burú ju ògidì igi lọ. Bí àpótí ìrókò ni ẹ ní, ẹ má sọ ọ́ nù. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ìwé kan igi rẹ̀.

Àpótí irin. Ikán kò lè jẹ ẹ́, eku kò sì lè gé e. Àléébù rẹ̀ ni pé ó máa ń làágùn: bí òru bá tutù, omi a sé sí i lára nínú, ipata a sì tẹ̀lé e. Bí ẹ bá tún un kùn, ẹ jẹ́ kí ọ̀dà náà gbẹ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ títí òórùn rẹ̀ yóò fi lọ pátápátá, kí ẹ tó kó ohunkóhun sínú rẹ̀.

Páálí ọjà. Páálí bàtà àti páálí oúnjẹ tí a ń rí lọ́jà ni àwọn ènìyàn ń lò jù, òun ni ó sì burú jù. Ó kan, ó ní lignin, gọ́ọ̀mù ara rẹ̀ sì jẹ́ oúnjẹ fún aáyán. Kí a máa fi kó ẹrù nìkan.

Ike àti ọ̀rá. Níhìn-ín kí a ṣọ́ra, nítorí ike kò rí bákan náà. Ẹ yí ìdí ike náà sókè, ẹ ó sì máa rí àmì onígun mẹ́ta tí nọ́ńbà wà nínú rẹ̀. Nọ́ńbà 1, 2, 4 àti 5 dára fún iṣẹ́ yìí, pàápàá bí ike náà bá mọ́ gaara tí kò ní àwọ̀. Nọ́ńbà 3 kò dára rárá. Irú rẹ̀ ni ọ̀rá rírọ̀ olóòórùn tí a fi ń bo tábìlì oúnjẹ, a sì máa tú oje kíkan jáde bí ó bá ń gbó. Èyí tí ó dára pàápàá ní ewu kan: bí ìdérí rẹ̀ bá dé pinpin, ọ̀rinrin tí ó bá wọlé kò ní rí ọ̀nà jáde. Àkókò ọyẹ́, nígbà tí gbogbo nǹkan gbẹ, ni kí a kó ìwé sínú rẹ̀, kì í ṣe àkókò òjò.

Páálí ìpamọ́. Èyí ni a ṣe fún iṣẹ́ náà gan-an, òun sì ni ó dára jù. A ti yọ lignin kúrò nínú rẹ̀, kò sì ní ásíìdì. Nínú púpọ̀ nínú wọn a tún po ohun kan mọ́ ọn tí ń pa ásíìdì tí ó bá dé lẹ́yìn ọ̀la; ohun kan náà ni ó wà nínú ìkarahun ìgbín. Ọ̀rọ̀ tí ẹ ó wá lára rẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń rà á ni "acid-free" àti "lignin-free". Kí ẹ rí méjèèjì, nítorí páálí lè ṣàìní ásíìdì lónìí, kí lignin inú rẹ̀ sì tún bí i lọ́la. Páálí yìí a máa jẹ́ kí afẹ́fẹ́ kọjá díẹ̀díẹ̀, nítorí náà kì í sé ọ̀rinrin mọ́ inú. Ṣùgbọ́n ikán lè jẹ ẹ́, òjò sì lè bà á jẹ́.

Ẹnì kan lè wí pé, "Irú páálí yìí wọ́n, a kò sì rí i ní ìlú wa." Òótọ́ ni. Ìmọ̀ràn wa fún ìjọ tí kò lówó púpọ̀ nìyí: ohun tí ó kan ìwé lára ni kí ẹ kọ́kọ́ náwó lé. Ẹ ra bébà àti fáìlì tí kò ní ásíìdì, tí ó kéré lówó ju odindi àpótí lọ. Ẹ fi wọ́n wé ohun tí ó ṣe iyebíye jù. Nígbà náà ni kí ẹ wá gbé e sínú àpótí irin tàbí àpótí ìrókò tí ẹ ti ní. Àpótí òde yóò bá ikán àti eku jà, ti inú yóò sì bá kíkan jà.

4. Ǹjẹ́ ó bá ohun tí ó wà nínú rẹ̀ mu?

Àpótí tí ó kéré jù a máa ká ìwé létí. Èyí tí ó tóbi jù a máa jẹ́ kí ó ṣubú, kí ó sì tẹ̀. Ẹ wọn ìwé tí ó tóbi jù nínú àwọn tí ẹ ní, kí àpótí náà sì fi díẹ̀ tóbi jù ú lọ lọ́nà gbogbo. Ẹ má ṣe ká ìwé méjì nítorí kí ó lè wọ inú àpótí. Ìwé tí ó lágbára lè dúró lóòró, bí a bá fi páálí mímọ́ tì í kí ó má wó. Ìwé gbígbó, ìwé ńlá àti ìwé tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya ni kí a tẹ́ sílẹ̀, kí a má sì to púpọ̀ lé ara wọn. Àpótí tí ènìyàn kan kò lè dá gbé ti wúwo jù. Ọjọ́ tí iná tàbí omi bá dé ni ẹ ó mọ̀.

Kí a tó kó ìwé sínú rẹ̀, kí a yọ gbogbo píìnì, rọ́bà tí a fi ń di owó, àti irin ìdìwé kúrò. Irin a dípata, rọ́bà a yọ́ mọ́ ìwé lára. Sẹ̀lótéèpù kì í ṣe oògùn ìwé yíya. Gọ́ọ̀mù rẹ̀ ni àbàwọ́n tí a kò lè fọ̀. Bákan náà, ẹ má ṣe fi ike gbígbóná lẹ ìwé pa lójú méjèèjì bí a ti ń ṣe sí ìwé ẹ̀rí, nítorí ohun tí a bá ṣe bẹ́ẹ̀ kò ṣeé tú mọ́.

Àwòrán ní òfin tirẹ̀. Páálí tàbí bébà tí ó bá ní àmì P.A.T. ni a ti dán wò pé kò ní pa àwòrán lára. Álíbọ́ọ̀mù tí ojú-ewé rẹ̀ ní gọ́ọ̀mù, tí a fi ọ̀rá bò, ti ba àwòrán ìgbéyàwó púpọ̀ jẹ́ nínú ilé wa. Bí àwòrán bá ti lẹ̀ mọ́ ọn, tàbí tí ó ti lẹ̀ mọ́ gíláàsì, ẹ má fi agbára fà á. Ẹ kọ́kọ́ ya ẹ̀dà rẹ̀ bí ó ti wà. Fíìmù àtijọ́ tí ó bá ń rùn bí fínígà, ẹ yà á sọ́tọ̀, nítorí èémí rẹ̀ a máa ran ìyókù. Pẹ́ńsùlù rírọ̀ ni kí a fi kọ orúkọ sí ẹ̀yìn àwòrán, ní etí rẹ̀, láìtẹ̀ ẹ́. Ẹ má sì ṣe fi orúkọ kíkọ falẹ̀: àwòrán tí a pa mọ́ dáadáa ṣùgbọ́n tí kò sí ẹni tí ó mọ ojú tí ó wà nínú rẹ̀ ti sọnù ní ìdajì.

Ohun ìrántí pẹ̀lú. Aṣọ ìsàmì ọmọ, aṣọ òkè ìgbéyàwó, ẹ̀wù àlùfáà tí ó ti sùn: kí a fọ èyí tí ó ṣeé fọ̀, ṣùgbọ́n kí a má fi sítáàṣì sí i, nítorí oúnjẹ ni fún kòkòrò. Kí a fi bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí kò ní ásíìdì, tàbí aṣọ òwú funfun tí a ti fọ̀, sí ibi tí ó ti ká, kí a sì yí ibi kíká náà padà lọ́dọọdún kí ó má baà là. Sányán, tí í ṣe sílíkì ilẹ̀ wa, ń fẹ́ bébà tí a kò po ohun inú ìkarahun ìgbín nì mọ́. Ẹ má sì ṣe kó irin, awọ, aṣọ àti ìwé pọ̀ sínú àpótí kan.

5. Níbo ni yóò dúró?

Àpótí rere ní ibi búburú kò yàtọ̀ sí àpótí búburú. Kí ó má ṣe kan ilẹ̀; kí ó fi bí ínǹṣì 6 ga kúrò nílẹ̀, kí ó sì jìnnà díẹ̀ sí ògiri, nítorí ara ògiri ni ikán máa ń gbà gòkè. Kí ó má wà lábẹ́ òrùlé tí ń jò, tàbí lókè àjà níbi tí páànù ti ń gbóná, tàbí níbi tí oòrùn ti ń wọlé. Yàrá àárín ilé, tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí, ni ó dára jù.

Àwọn àpò kékeré tí ń fa omi, irú èyí tí à ń bá nínú páálí bàtà, wúlò nínú ike tí ó dé pinpin. Ṣùgbọ́n wọ́n a máa yó, ẹ sì ní láti pààrọ̀ wọn tàbí kí ẹ tún wọn yan gbẹ. Káfúrà oníhóró funfun kò yẹ: èémí rẹ̀ kò dára fún ènìyàn, ó sì lè ba irú ike kan jẹ́. Dípò rẹ̀, kí a máa ṣí àpótí wò lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, nígbà ọyẹ́ àti nígbà tí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí.

6. Àpótí kan kò tó

A padà sí ìbéèrè ọkùnrin nì: "Ṣé kò sí ẹ̀dà rẹ̀ níbòmíràn ni?"

Àlùfáà Samuel Johnson ti Ọ̀yọ́ parí ìwé ìtàn àwọn Yorùbá ní ọdún 1897. A fi ìwé náà ránṣẹ́ sí Ìlú Òyìnbó kí a lè tẹ̀ ẹ́, ó sì sọnù níbẹ̀. Johnson kú ní ọdún 1901 láìfi ojú kàn án. Ṣùgbọ́n ó ti fi àwọn àkọsílẹ̀ rẹ̀ àti ìwé tí ó kọ́kọ́ fi ọwọ́ kọ sílẹ̀ ní ilé. Àwọn wọ̀nyí ni Dókítà Obadiah Johnson, àbúrò rẹ̀, kó jọ, tí ó sì fi tún ìwé náà kọ. Nígbà tí a tún fi í ránṣẹ́, ọkọ̀ Appam tí ó gbé e bọ́ sọ́wọ́ ọkọ̀ ogun Jámánì ní ọdún 1916, wọ́n sì mú un lọ sí Amẹ́ríkà. Síbẹ̀ ní ọdún 1921 ìwé náà jáde ní Lọ́ńdọ̀nù. Bí kò bá sí àwọn bébà tí ó kù ní ilé, ọ̀pọ̀ nínú ohun tí a mọ̀ nípa àwọn baba wa ni ì bá ti bá ìwé àkọ́kọ́ lọ.

Ẹ tún rántí ìwé méjì Jeremáyà, èyí tí a dì àti èyí tí a ṣí. Ó yẹ kí ìjọ kọ̀ọ̀kan ní méjèèjì pẹ̀lú. Èyí tí a dì ni ìwé gidi, nínú àpótí rẹ̀, tí a kì í fi ọwọ́ kàn láìnídìí. Èyí tí a ṣí ni ẹ̀dà, tí a fi ẹ̀rọ tàbí tẹlifóònù yà ní ojú-ewé kọ̀ọ̀kan, tí a sì tọ́jú sí ibi méjì ó kéré tán, kí ẹni tí ó bá bèèrè lè rí i kà. Ìwé tí ó bá ti pọ̀ jù fún agbára ìjọ, kí a tọ àwọn onímọ̀ lọ fún ìmọ̀ràn. Ilé Ìpamọ́ Ìwé ti Orílẹ̀-Èdè wà ní Ìbàdàn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Kenneth Dike ni ó ṣe aṣáájú iṣẹ́ tí ó bí i, tí ìjọba fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní ọdún 1954, ọ̀pọ̀ ìwé àwọn míṣọ́nnárì C.M.S. sì wà níbẹ̀ títí di òní.

Ẹ̀yin ará, ọkùnrin tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ sí ilé láìní èsì, ìjà ìdílé rẹ̀ kò sì tíì parí nígbà tí a gbọ́ kẹ́yìn. Kí oṣù yìí tó parí, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣí àpótí kan nínú ilé rẹ̀, kí ìgbìmọ̀ ìjọ kọ̀ọ̀kan sì ṣí àpótí ìwé ìjọ. Bí ẹ bá bá ọ̀rá níbẹ̀, ẹ tú u.

Ìbéèrè fún àwọn olùkọ́ àti fún ẹgbẹ́ ẹ̀kọ́

1. Èéṣe tí ìkòkò tí ó pa ìwé mọ́ ní Qumran fi lè ba ìwé jẹ́ ní ilẹ̀ wa?
2. Kí ni ìyàtọ̀ láàrin iṣẹ́ àpótí òde àti iṣẹ́ ohun tí ó kan ìwé lára?
3. Ẹ wo ìdí ike mẹ́ta nínú ilé yín: nọ́ńbà wo ni ẹ rí, èwo ni ó sì yẹ fún ìwé?
4. Kí ni ìdílé Johnson ní, tí ìjọ tí ìwé ìsàmì rẹ̀ bàjẹ́ kò ní?
5. Ìwé wo ni ó jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo nínú ìdílé tàbí ìjọ yín, ta ni yóò sì ya ẹ̀dà rẹ̀?